Kí Ni Nọ́ọ̀sì Fẹ́ Fi PhD Ṣe?

Gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan bá gbé fọ́tò PhD ẹ̀ síbí, tó wọ aṣọ ìgboyè, tó ń rẹ́rìn-ín, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ẹ kú oríire o. Àmọ́ kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi PhD ṣe? Ṣé abẹ́rẹ́ ò ní dunni mọ́ ni?" Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Mi ò bínú sẹ́ni tó ń béèrè o. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, àmọ́ ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kéèyàn dáhùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀ lónìí, ẹ wá ibi jókòó sí.

Ọ̀fà ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń kàwé ìlera pọ̀ níbí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara wà lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìlera kéékèèké láàárín ìlú àti ní abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gan-an á gba fọ́ọ̀mù Ìlọrin tàbí Òkè-Òdè, tàbí kó wá yunifásítì lọ. Ẹ wá bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló fẹ́ dà. Orúkọ ìlú ló máa fi dá yín lóhùn: London, Canada, Saudi. Ìyá ẹ̀ gan-an ti mọ̀ ọ́n lórí. Lójú wa, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti di ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dúró síbí, tó ń ka ìwé lé ìwé, fi ń dà bí ẹni tó ṣìnà lójú àwọn èèyàn.

Torí náà, mo fẹ́ sọ ìtàn ẹnì kan tó lọ, tó padà wálé, tó sì lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu. Ọmọ Èkó ni wọ́n, Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt lorúkọ wọn. Màmá ni màá máa pè wọ́n níbí, torí wọ́n ju ìyá àgbà mi lọ.

1915 ni wọ́n bí Màmá, sí ìdílé Scott. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù wọ́n, bàbá wọn ò gbà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bọ́rọ̀ bàbá àti iṣẹ́ ọmọbìnrin ṣe máa ń rí. Wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní United Missionary College, Ìbàdàn, wọ́n padà sí Èkó, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ti CMS. Wọ́n fẹ́ apòògùn kan, ọ̀gbẹ́ni Pratt. Ẹlòmíràn á ti gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì níbi tọ́rọ̀ dé yẹn. Màmá ò gbàgbé. Ní 1946, wọ́n wọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n wọ ilé ìwé Nightingale ní St Thomas' Hospital, London, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni ọdún 31, tó ti lọ́kọ, tó ti ṣe tíṣà, ló wá ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pé 24 tẹ́ ẹ ń sọ pé ó ti bọ́ sórí, ẹ kú iṣẹ́.

Florence Nightingale fúnra ẹ̀ ni wọ́n dá ilé ìwé yẹn sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀ ní 1860. Màmá Pratt ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Aláìsàn òyìnbó kan tiẹ̀ wà tó ní òun ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì dúdú fọwọ́ kan òun. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá NHS sílẹ̀ ní oṣù keje 1948. Wọ́n yege, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fọ́dún díẹ̀. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tórúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ju 10,000 lọ dáadáa. Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ tiwa ni jápa ti bẹ̀rẹ̀, kó wo ọdún yẹn dáadáa.

Màmá padà wálé ní 1954. Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n lọ, sí UCH, tí kò tíì wọ ilé tuntun ẹ̀ nígbà yẹn. Ipò sístà, ìyẹn olórí wọ́ọ̀dù, ni ìwé tí wọ́n ní lọ́wọ́ yẹ fún. Wọ́n ní rárá, àwọn òyìnbó tó wá láti òkè òkun ni wọ́n ya ipò yẹn sọ́tọ̀ fún. Ẹ rò ó wò. Èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ nílé àwọn òyìnbó, ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì tó lókìkí jù lọ́dọ̀ wọn, ó yege, ó bá wọn ṣiṣẹ́, ó padà sí ilẹ̀ bàbá ẹ̀, wọ́n wá sọ fún un pé ipò yìí kì í ṣe ti onílé.

Ní London, aláìsàn ló kọ̀ wọ́n. Ní Ìbàdàn, ìlànà ló kọ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ò sì jọra rárá. Aláìsàn tó kọ̀ ẹ́, o lè fi sùúrù àti ọwọ́ ẹ̀rọ̀ yí i lọ́kàn padà; tí ìrora bá mú un láàárín òru, òun fúnra ẹ̀ á pè ẹ́. Ìlànà tó kọ̀ ẹ́ ò ní ọkàn tó o fẹ́ yí. Bó o ti wù kó o mọ abẹ́rẹ́ gún tó, bó o ti wù kó o lójú àánú tó, ibẹ̀ ló máa wà títí ẹnì kan á fi tún un kọ. Ibi tó sì ti ń di kíkọ, wọn kì í pe nọ́ọ̀sì síbẹ̀, àfi kó bá wọn dé bẹ̀ pẹ̀lú agbára.

Nígbà tó yá, wọ́n fún Màmá ní ipò sístà yẹn. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti di mátírọ́ọ̀nù UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Àmọ́ 1965 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ọdún yẹn ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn, Màmá sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn lèèyàn ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí: o wà ní wọ́ọ̀dù, o ń kọ́ṣẹ́, o gba ìwé ẹ̀rí, o padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kan ò bá ní dìgírì, kò lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣèwádìí nípa ẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣèwádìí ni ìjọba máa pè wá bá a sọ̀rọ̀. Látinú ìlẹ̀kùn yẹn ni PhD tẹ́ ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ti jáde.

Ìyókù, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Wọ́n di olórí àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ níbẹ̀ náà. Wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ àti ìwé àtìgbàdégbà wọn, Nigerian Nurse. Wọ́n jẹ igbákejì ààrẹ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé. Ní 1973, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale lọ́wọ́ àjọ Red Cross. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n di kọmíṣánnà ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, títí di 1975. Ọdún 1992 ni wọ́n kú.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ wọ́n di òrìṣà. Ilé tó rí jẹ ni wọ́n ti jáde, ọkọ wọn mọ̀wé, wọ́n sì dé nígbà tí òmìnira ń bọ̀, táwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn, tí àga ń ṣófo káàkiri. Ọmọ tó wà ní Òkè-Òdè báyìí, tó ń ya owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, bàbá ẹ̀ kì í ṣe Scott. Ìjọba ológun ló sì fi Màmá ṣe kọmíṣánnà, a ò dìbò fún un. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, mo fẹ́ ká wo ohun tí àga lè ṣe.

Ẹ jẹ́ n mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ láti kó àwọn agbẹ̀bí lọ sí ìgbèríko: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìlera 652 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, agbẹ̀bí mẹ́rin-mẹ́rin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aboyún tó bá dé ní aago méjì òru lè bá èèyàn níbẹ̀. Ètò tó dáa ni. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ á san apá kan nínú owó wọn, ìpínlẹ̀ á fi tiẹ̀ kún un, ìjọba ìbílẹ̀ á fi tiẹ̀ kún un, á sì tún wá ilé tí wọ́n máa gbé.

Ẹ ti mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ò dé, tàbí kó dé lónìí kó má dé lóṣù tó ń bọ̀. Ilé náà di wàhálà. Àwọn agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru rí ní abúlé, àwọn ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi yín nípa irú ètò bẹ́ẹ̀ ò ní pọ̀. Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé tí mo máa sùn lọ́wọ́? Tí ìjọba ìbílẹ̀ ò bá san tiẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ? Tí mo bá ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ lóru, ta ló ń sin mi délé? Ọ̀rọ̀ ilé àti oúnjẹ lásán ni, àmọ́ òun ló ń pinnu bóyá agbẹ̀bí á wà níbẹ̀ nígbà tí aboyún bá dé. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tí a bá fá a lẹ́yìn ẹ̀, a máa fi abẹ gé e létí.

Ó dáa. Ẹnì kan á ní: ìrírí nìyẹn, kì í ṣe PhD. Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà kíá, ká tún padà.

Linda Aiken lorúkọ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó lọ gba PhD, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania. Ìbéèrè tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ béèrè rọrùn débi pé nọ́ọ̀sì èyíkéyìí ní Ọ̀fà lè béèrè ẹ̀: aláìsàn mélòó ni nọ́ọ̀sì kan lè bójú tó kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́? Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní àwọn ilé ìwòsàn Pennsylvania jọ, wọ́n ṣírò ẹ̀. Ní 2002, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde: aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan, ewu pé aláìsàn á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi 7% lé sí i.

Ẹ tún un kà. Kí wọ́n tó ṣírò ẹ̀, tí nọ́ọ̀sì bá ní "ó ti rẹ̀ mí, a ò pọ̀ tó," ìráhùn ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣírò ẹ̀, ó di iye òkú. Ìjọba lè kọ etí ikún sí ìráhùn. Ó ṣòro díẹ̀ láti kọ etí ikún sí nọ́ńbà. Ní California, òfin tó sọ iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ò gbọ́dọ̀ kọjá ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń fi PhD ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ béèrè lábẹ́ fọ́tò.

Èmi ti sùn ti aláìsàn rí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa tí a sùn ti èèyàn wa là ń bá a ṣọ́ omi tó ń kán: tó bá kù díẹ̀ kó tán, a máa sáré lọ pè é. Nígbà tó di ìdájí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú. Bàbá kan sì ń sọ fún un pé ó ya ọ̀lẹ. Mi ò mọ ẹni tó yẹ kí bàbá yẹn bínú sí, àmọ́ ó dá mi lójú pé ẹni náà ò sí nínú wọ́ọ̀dù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àga tí Màmá Pratt fi sílẹ̀, bó ṣe rí báyìí.

Láti 1985, òfin tó de àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ti sọ pé ẹni tó bá máa jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 12 ó kéré tán. Nọ́ọ̀sì lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó kọ ìwé ogún, kó mọ ìṣúná owó ju ẹni gbogbo lọ, kò kàn án. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn dókítà o, ẹ má dá ogun sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlànà ló tún ń kọni yìí, bíi ti 1954, àwọ̀ ara nìkan ni ò sí nínú ẹ̀ mọ́.

Ní ìparí oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ káàkiri ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ òru wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àìtó èèyàn wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan la sì gbọ́. Àmọ́ nínú ohun tí wọ́n béèrè, ọ̀kan wà tí ò jọ pé ẹnikẹ́ni fi ṣe àkọlé ìròyìn: wọ́n ní kí ìjọba dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀. Ilé iṣẹ́ tí Màmá Pratt ti jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí àgbà àwọn nọ́ọ̀sì lóhun tó lé láàádọ́ta ọdún sẹ́yìn! Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wá ń fi ìyanṣẹ́lódì bẹ̀bẹ̀ fún ibùjókòó níbẹ̀.

Wọ́n máa bi mí pé ṣé tí nọ́ọ̀sì bá ti jókòó, ó parí nìyẹn? Kò parí. Ní oṣù kejì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fìdí ìwé òun múlẹ̀ fún ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ṣe ìwọ́de ní Àbújá àti Èkó. Ta ló sì wà lórí àga ìgbìmọ̀ yẹn? Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ inú ilé, wọn ò tún òrùlé tó ń jò ṣe. Torí náà, mi ò sọ pé ká kàn gbé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun sórí àga. Ẹni tó mọ wọ́ọ̀dù, tó mọ ìṣirò, tí kò sì gbàgbé ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ là ń wá. Irú wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà. Ní Botswana, Sheila Tlou, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló jẹ́ mínísítà ìlera láti 2004 títí di 2008, nígbà tí kòkòrò HIV ń jà ràn-ìn ní orílẹ̀-èdè yẹn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé ogun tó le jù fún.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jápa. Màmá Pratt náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, kó mówó ránṣẹ́ sílé, kí orí ẹ̀ bá a ṣe é. Ohun tó ń ká mi lára ni pé a ti fi ọ̀nà kan ṣoṣo han àwọn àbúrò wa, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà kejì là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó yá, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará ilé ni mò ń bọ̀. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2014 ní kí wọ́n ya ó kéré tán 1% sọ́tọ̀ nínú àpapọ̀ owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ fún ìlera kòṣeémánìí, kí apá kan nínú ẹ̀ sì dé àwọn ilé ìlera kéékèèké, irú èyí tó wà ládùúgbò yín. Ìgbìmọ̀ ará àdúgbò wà tó yẹ kó máa bá wọn mójú tó bí wọ́n ṣe ń ná an. Ọmọ Ọ̀fà ni wá, ìjàkadì ò bà wá lẹ́rù, àmọ́ ẹni tí ò tíì wọ pápá ò lè dá ẹnikẹ́ni. Torí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, Ìgbónná, Ẹrin-Ilé àti àyíká: ṣé wọ́n ti pè yín sí ìpàdé ìgbìmọ̀ yẹn rí? Tí wọ́n bá pè yín, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, ṣé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ ni àbí bísíkíìtì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pín? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kà á.